Bẹ́ńṣì ibùdókọ̀ tó polówó fíìmù: ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún oníṣòwò kéékèèké

Ẹni tó bá wà láwọn ìlú ńlá kan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láàárín ọdún 2009, tó sì fẹ́ fìdí lélẹ̀ díẹ̀ níbùdókọ̀ kí bọ́ọ̀sì tó dé, ó ṣeé ṣe kó bá ìkìlọ̀ kan lára bẹ́ńṣì tó fẹ́ jókòó lé. Ìkìlọ̀ ọ̀hún sọ pé èèyàn nìkan ni bẹ́ńṣì náà wà fún. Wọ́n ya àwòrán ẹ̀dá kan sí i tí orí rẹ̀ jọ orí kòkòrò, wọ́n wá fa ilà pupa dábùú rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń fà á dábùú àwòrán sìgá níbi tí wọn ò bá ti fẹ́ kéèyàn mu sìgá. Wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù síbẹ̀ pẹ̀lú, pé ẹnikẹ́ni tó bá rí ẹ̀dá tí kì í ṣe èèyàn, kó pe àwọn.

Ẹlòmíì á rẹ́rìn-ín, á sì jókòó. Ẹlòmíì á kọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì. Àmọ́ èyí tó bá wù kó ṣe nínú méjèèjì, tó bá délé lálẹ́, á sọ ọ́ fáwọn ará ilé rẹ̀. Kò sí òṣèré kankan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lára bẹ́ńṣì náà, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo pé kéèyàn wá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kékeré kan ló wà níbẹ̀ fẹ́ni tó bá fẹ́ wádìí. Ìgbà tó bá wádìí ló máa tó mọ̀ pé fíìmù ni wọ́n ń polówó, District 9 lorúkọ fíìmù ọ̀hún.

Neill Blomkamp, tí wọ́n bí sílùú Johannesburg lọ́dún 1979, ló darí rẹ̀. Peter Jackson, ẹni tó ṣe fíìmù The Lord of the Rings, ló gbé e jáde. Ìtàn ọkọ̀ òfurufú ràgàjì kan ni, tó wá dúró gbagidi lójú ọ̀run Johannesburg lọ́dún 1982, tí kò lè lọ mọ́. Wọ́n kó àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kó wọn sínú àgọ́ kan, àgọ́ náà sì di àdúgbò onílé páànù, títí di ọdún 2010 tí iléeṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní MNU fẹ́ lé gbogbo wọn kúrò níbẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2009 ni fíìmù náà jáde, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń sọ. Kò síléeṣẹ́ tó ń jẹ́ MNU tó ń ṣọ́ irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ níbì kankan láyé. Síbẹ̀, ohùn iléeṣẹ́ tí kò sí yìí ni wọ́n fi ń bá àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ayé inú fíìmù ọ̀hún ti dé sádùúgbò wọn ní òru, kílẹ̀ tó mọ́.

Ohun tó fi kan oníṣòwò kéékèèké nìyí. Ọ̀pọ̀ wọn ló gbà pé ìpolówó ọjà kì í ṣe tàwọn, pé tàwọn báǹkì àtiléeṣẹ́ fóònù ni, torí pé àwọn yẹn ló lówó tẹlifíṣàn. Ìgbà tí wọ́n bá wá fẹ́ polówó, ohun tí gbogbo ayé ń ṣe náà ni wọ́n máa ń ṣe. Wọ́n á tẹ pósítà igba, wọ́n á bẹ ọmọ iṣẹ́ pé kó lẹ̀ wọ́n mọ́ òpó iná lóru. Kó tó di ọjọ́ kejì, pósítà ìsọjí ti bo ìdajì mọ́lẹ̀, pósítà olóṣèlú ti bo ìdajì yòókù. Owó ti lọ, oníbàárà kan ò wá. Bẹ́ńṣì ìbùdókọ̀ ọ̀hún fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà, pé ohun tó ń mú kéèyàn dúró wo nǹkan lójú títì kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ títóbi rẹ̀ tàbí àwọ̀ mèremère tó wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn bẹ́ńṣì náà ní apá kejì tó korò, ọmọ Nàìjíríà ló sì yẹ kó mọ apá yẹn jù lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú towó. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 dọ́là ni wọ́n ná lórí fíìmù náà. Kì í ṣowó kékeré lójú ẹni tó ń dín àkàrà ní Mushin, àmọ́ owó táṣẹ́rẹ́ ni lójú àwọn tí wọ́n jọ ń tajà lọ́jà kan náà. Transformers tó jáde lọ́dún yẹn kan náà gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 dọ́là. Sharlto Copley tó jẹ́ olórí òṣèré District 9 kò tíì ṣe olórí òṣèré nínú fíìmù gígùn kankan rí, nítorí náà kò sí ojú táráyé mọ̀ tí wọ́n lè gbé sórí pátákó. Fíìmù ọ̀hún pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 37 dọ́là lópin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní Amẹ́ríkà, gbogbo ohun tó sì pa kárí ayé tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 210. Irọ́ ni kẹ́nìkan sọ pé bẹ́ńṣì ló pa gbogbo owó yẹn. Fíìmù náà dára, wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar mẹ́rin, títí kan ti fíìmù tó dára jù lọ. Bẹ́ńṣì lè mú èèyàn wá lẹ́ẹ̀kan, ọjà fúnra rẹ̀ ló ń mú un padà wá.

Àwọn tó ń kiri ọjà nílẹ̀ Yorùbá ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́, wọn ò kàn fún un lórúkọ oyinbo ni. Ẹni tó gbé igbá àgbàdo sísè rù kì í ní òun ń ta àgbàdo. Láńgbé jinná ló ń ké. Àjèjì tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí á dúró bèèrè pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kó sì tó parí ìbéèrè, igbá ti kalẹ̀. Ọgbọ́n tó wà nínú ìkìlọ̀ ara bẹ́ńṣì náà nìyẹn: wọn ò sọ tán, wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó ń kà á lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bèèrè. Pósítà tó bá ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, láti orí “oríṣiríṣi aṣọ òkè” dé orí “owó pọ́ọ́kú”, kò ku ohun tẹ́nikẹ́ni fẹ́ bèèrè mọ́.

Ibi tí wọ́n gbé e sí tún wà ńbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lára bẹ́ńṣì ìbùdókọ̀ làwọn lọ́yà àtàwọn tó ń bá èèyàn talé máa ń lẹ fọ́tò ara wọn mọ́. Ibi ìpolówó gbẹ̀fẹ́ ni, tójú ti mọ́ lára débi pé ẹnikẹ́ni kì í kà á mọ́. Àwọn onífíìmù yìí sanwó ààyè ọ̀hún bíi ti lọ́yà, àmọ́ wọ́n fi bá bẹ́ńṣì fúnra rẹ̀ wí. Ìkìlọ̀ nípa ìjókòó ni wọ́n kọ sórí ìjókòó, ẹni tó ń kà á sì ni ẹni tó fẹ́ jókòó, tó ń dúró, tí kò níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ju kó máa wojú títì. Oníṣòwò tó bá ń wá ibi tó máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, kó wá ibi táwọn èèyàn ti ń dúró: ìlà omi, ọ̀dọ̀ onídìrí, ibi tí wọ́n ti ń kó èrò sọ́kọ̀, iwájú ilé oníṣègùn. Ẹni tó ń sáré kọjá lórí ọ̀kadà ò rí nǹkan kan kà.

Àwọn tó mọ ìtàn South Africa á ti mọ ibi tí wọ́n ti rí ìkìlọ̀ yẹn. Nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára bẹ́ńṣì lóòótọ́, àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n sì kọ pé ó wà fún. Òfin ọdún 1953 ló fàṣẹ sí i, ọdún 1990 ni wọ́n tó fagi lé e. Orúkọ District 9 náà jọ ti District Six nílùú Cape Town, àdúgbò tíjọba kéde lọ́dún 1966 pé ó ti di tàwọn aláwọ̀ funfun, tí wọ́n sì lé àwọn tó lé ní 60,000 kúrò níbẹ̀. Chiawelo ní Soweto ni wọ́n ti ya fíìmù náà, láàárín ilé páànù táwọn èèyàn gbé lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí ayé àròsọ yẹn fi dà bí òótọ́. Wọn ò hun ún látinú afẹ́fẹ́, ara ògiri àti ara bẹ́ńṣì tó ti wà rí ni wọ́n ti yọ ọ́.

Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n kọ síbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá pè é, ohùn iléeṣẹ́ àròsọ náà ló máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí lójú ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń sọ owó wọn nù. Wọ́n á kọ nọ́ńbà sí ara mọ́tò, sí ara àpò ọ̀rá, sí ara káńdà omi, tẹ́nìkan bá wá pè é, yálà wọ́n ti pa fóònù, tàbí ọmọ ọdún mẹ́jọ gbé e, ó ní ìyá òun ò sí nílé.

Ṣé ohunkóhun tó bá ṣáà ti ya èèyàn lẹ́nu ló dára nígbà náà? Rárá. Ní Jánúárì ọdún 2007, ọdún méjì ṣáájú bẹ́ńṣì wọ̀nyí, àwọn tó ń polówó eré àwòrán kan lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Aqua Teen Hunger Force, gbé àwọn pátákó kéékèèké oníná jáde ní ìlú mẹ́wàá. Ìwọ̀nba ìlú mẹ́sàn-án ò bìkítà. Ní Boston, ọjọ́ 31 oṣù náà, ẹnìkan rí ọ̀kan tó ń tàn lábẹ́ afárá, ó rí wáyà àti bátìrì, ó rò pé bọ́ǹbù ni. Ọlọ́pàá ti afárá, wọ́n dínà mọ́ ọkọ̀ lórí títì márosẹ̀, wọ́n pe àwọn tó ń tú bọ́ǹbù. Wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó so àwọn pátákó náà kọ́. Ìgbà tí ilẹ̀ fi máa rọ̀, iléeṣẹ́ Turner tó ni eré àtiléeṣẹ́ tó bá wọn polówó ti san mílíọ̀nù méjì dọ́là fíjọba, ọ̀gá àgbà ìkànnì náà sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ṣì ń sọ títí dòní pé ìpolówó tó múná dóko ni, torí pé gbogbo ayé gbọ́ orúkọ eré náà. Ẹni tó ní mílíọ̀nù méjì dọ́là nílẹ̀ ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò tó jẹ́ pé owó ọjà ọ̀sẹ̀ yìí ló fi ń ra tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ kan ní àgọ́ ọlọ́pàá ti tó láti palé ìtajà rẹ̀ dé.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ò fara sin. Ẹni tó rí bẹ́ńṣì lè ka ohun tó wà lára rẹ̀, ó rí àdírẹ́sì, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé eré ni. Ẹni tó rí pátákó Boston ò rí nǹkan kan kà. Ìpolówó tó bá pani lẹ́rìn-ín ń gba ojú, èyí tó bá dẹ́rù bani ń gba ọlọ́pàá.

Apá kejì tó korò ló kù. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú District 9, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà wà níbẹ̀ ò bójú mu. Àwọn ni jàǹdùkú inú àgọ́ náà, àwọn ló ń ta ohun ìjà, àwọn ni aṣẹ́wó, àwọn ló ń jẹ ẹran ara àwọn ẹ̀dá àjèjì náà torí oògùn. Orúkọ ọ̀gá wọn ni Obesandjo, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ tí kò mọ orúkọ ààrẹ àná tí wọ́n ń yí po. Òṣèré tó ṣe ọ̀gá jàǹdùkú ọ̀hún kì í tiẹ̀ í ṣọmọ Nàìjíríà, ọmọ Malawi ni. Ní Sẹ́tẹ́ńbà ọdún 2009, Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, tó ti di olóògbé báyìí, tó jẹ́ mínísítà ìròyìn nígbà náà, pàṣẹ pé káwọn ilé sinimá ká fíìmù náà kúrò, ó sì ní kí iléeṣẹ́ Sony tọrọ àforíjì. Ẹ rántí pé oṣù kẹta ọdún yẹn gan-an ni mínísítà náà bẹ̀rẹ̀ ètò tó fẹ́ fi tún orúkọ Nàìjíríà ṣe lójú ayé.

Àwọn kan ń rojọ́ pé eré ṣáà ni, pé fíìmù ọ̀hún ń bá ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà ni. Òótọ́ wà nínú ìyẹn, òun gan-an ló sì mú ọ̀rọ̀ náà dunni. Nínú fíìmù kékeré tí Blomkamp ti ṣe ṣáájú, àwọn ará Johannesburg kan ń sọ ohun tí wọ́n rò nípa àwọn ẹ̀dá àjèjì, bẹ́ẹ̀, èrò wọn nípa àwọn ará Zimbabwe àtàwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé láàárín wọn ni wọ́n bi wọ́n léèrè. Ẹni tó mọ̀ pé orí ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ti mú ẹ̀dá àjèjì jáde, kò yẹ kó tún fi ọmọ Nàìjíríà ṣe ìkà inú ìtàn náà. Lóṣù karùn-ún ọdún 2008, wọ́n ti ń lé àjèjì nígboro Johannesburg lóòótọ́, tí wọ́n sì ń pa wọ́n. Àwọn tó ṣe bẹ́ńṣì mọ bí ìkìlọ̀ tó ń yọ ẹnìkan sílẹ̀ ṣe ń rí lójú ẹni tó ń kà á. Wọn ò ro bó ṣe ń rí lójú ẹni tí wọ́n yọ sílẹ̀. Fún oníṣòwò, àṣìṣe yìí lórúkọ: wọ́n lé oníbàárà kan dà nù níbi tí wọ́n ti ń pe òmíràn.

Báwo lèyí ṣe lè wúlò ní Ṣómólú tàbí ní Bódìjà? Ògiri ìlú Èkó ní ohùn tirẹ̀, tí kò jọ ti ibòmíràn. Kò sí àdúgbò tí wọn ò kọ ọ́ sí pé ilé yìí kì í ṣe títà, kẹ́ni tó ń bọ̀ ṣọ́ra fún 419. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹ má lẹ pósítà síbí, wọ́n kọ ọ́ pé ẹ má tọ̀ síbí. Ojú ti mọ́ lára, bí ojú ará Amẹ́ríkà ṣe mọ́ bẹ́ńṣì lára. Ká ní ìyá kan wà tó ń ta àmàlà nínú ilé ara rẹ̀, tó wá fi ọ̀dà dúdú kan náà kọ ọ́ sí ògiri tirẹ̀ pé: “Ilé yìí kì í ṣe títà. Àmàlà inú rẹ̀ nìkan là ń tà.” Agolo ọ̀dà kan péré ni ìná rẹ̀. Ẹni tó bá kà á á rẹ́rìn-ín, á yà á ní fọ́tò, WhatsApp á gbé ìyókù.

Àmọ́ kí ìyá yẹn má ṣe fi ọ̀dà pupa kọ X sí i o. Gbogbo ará Èkó ló mọ ohun tí X pupa ń sọ lára ilé, ìjọba ń bọ̀ wá wó o nìyẹn. Ẹni tó bá fi ṣẹ̀fẹ̀, yálà kó jẹ́ oníbúlọ́ọ̀kù tàbí oníkéènì, á ti da oorun mọ́ àwọn ayálégbé lójú, Boston tún dé nìyẹn. Bákan náà ni ìwé ìkéde tó jọ tìjọba, tó jọ ti kóòtù, tàbí tó jọ ti àwọn oníná ìjọba. Èèyàn lè yá ohùn ògiri, kó má yá ohùn aláṣẹ tó lè báni fà á.

Àṣẹ ń bẹ nídìí rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọdún 2006 tí ìpínlẹ̀ Èkó ti dá LASAA sílẹ̀, àjọ náà ló ń bójú tó pátákó ìpolówó, títí kan èyí téèyàn gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ bí Ọ̀yọ́ àti Ògùn sì ní tiwọn. Kí oníṣòwò lọ bèèrè iye tó máa san kó tó gbé nǹkan jáde, torí pé pátákó tí wọ́n bá wú lọ kì í sábà padà. Pósítà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ afárá àtòpó iná lọ́nà àìgbàṣẹ ńkọ́? Ṣe ni wọ́n ń fà á ya, wọ́n sì lè fi nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ wá oníǹkan.

Ká wá mú ẹlòmíì tí ọjà tirẹ̀ bá ayé ọ̀la mu. Ká ní ọ̀dọ́kùnrin kan ń so iná sólà n'Íbàdàn, kó wá gba àṣẹ, kó gbé pátákó kékeré síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó kọ ọ́ síbẹ̀ bí ìgbà tó jẹ́ pé ọdún 2045 la wà: “Ẹ má bínú, a ò ní jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ lè fi han àwọn ọmọ yín. Ẹyọ kan tó kù ti wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé.” Àwọn tó gbé kẹ́ẹ̀gì epo lọ́wọ́ á kà á, á sì dùn mọ́ wọn nínú. Ìṣòro kan péré ló wà níbẹ̀: ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ló wà lójúlé kejì, ogún ọdún ló ti fi wà ládùúgbò náà, gbogbo ilé tó nílò iná ló sì mọ̀ ọ́n. Tí pátákó yẹn bá bí i nínú, ọ̀rọ̀ tó máa máa sọ nípa sólà fún gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ á ju ohun tí pátákó mẹ́wàá lè tún ṣe lọ. Kí ọ̀dọ́kùnrin náà kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Baba, ọ̀rọ̀ kan ni mo bá wá,” kó ka ohun tó fẹ́ kọ fún un, kó sì fi owó díẹ̀ lọ̀ ọ́ lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó bá fi ránṣẹ́. Bí Baba bá rẹ́rìn-ín, wọ́n lè jọ fi ìlà kan kún pátákó náà: “Baba ojúlé kejì ló tún un ṣe gbẹ̀yìn. Àwọn náà ló máa júwe wa fún yín.”